Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ọkọ̀ Máa Jẹ Epo Àkàrà?

Ọ̀ràn kan wà tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé wa ti oṣù yìí, tí ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí a fi ẹ̀rín pa tì. Ọ̀ràn náà ni èyí: bí ó bá ṣe é ṣe kí ọkọ̀ tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì máa fi òróró tí a ti fi dín àkàrà àti dùǹdún rìn, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ni ó ni òróró náà nígbà tí ó bá kúrò nínú agbada? Gbèsè wo ni ẹni tí ó rà á jẹ ìyá tí ó dín àkàrà, àti tálákà tí ì bá tún jẹ òróró náà, àti èrò tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ tí a dà á sí?

Kì í ṣe àwọn tí kò ní iṣẹ́ ni ó ń bèèrè irú nǹkan báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, owó lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò tó 300 náírà ní ilẹ̀ wa; nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 2022, lẹ́yìn tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin Rọ́ṣíà àti Yukréìnì, ó ti kọjá 700. Ní ọjọ́ 29 oṣù May ọdún 2023 ni a sì gbọ́ ìkéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí bẹntiróòlù ti dópin. Ẹni tí ń gbé ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un. Iṣu tí ń bọ̀ ní Ọjà Ọba, ìwé àti ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń kọ́ ọmọ, sìmẹ́ǹtì tí a fi ń kọ́lé, gbogbo wọn ni ó ń fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ gun òkè wa. Ẹ̀rọ tí ń lọ ata àti èyí tí ń rin gbágùúdá náà kì í ṣiṣẹ́ lófo. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wí pé òun rí epo mìíràn ní ẹ̀bá ọ̀nà, nínú agbada ìyá alákàrà, ó yẹ kí a gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú iyèméjì kúrò. Ó ṣe é ṣe. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí ní Paris ní ọdún 1858, ẹni tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ epo tí à ń rà lónìí, ni ó ròyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ibi ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Paris ní ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ Otto gbé ẹ̀rọ kékeré kan kalẹ̀ tí ó ń fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ geere tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó fura. Ìjọba Faransé ni ó ní kí a dán an wò, nítorí ẹ̀pà tí ó pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àkóso ní Áfíríkà. Ní ọdún 1937, ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Brussels, G. Chavanne, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi lè sọ epo ewéko di ohun tí ẹ́ńjìnnì lè mu láìsí ìyọnu. Ní ọdún 1938, bọ́ọ̀sì kan sì fi epo ọ̀pẹ tí a yí padà bẹ́ẹ̀ rìn láàrin Brussels àti Louvain. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ni ó ń ṣe àkóso Kóńgò ní àkókò náà, kò sì ṣòro láti mọ ibi tí ọ̀pẹ wà. Ohun tí a fẹ́ kí ònkàwé ṣe àkíyèsí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń wo epo wa gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ẹ̀rọ. Wọn kò bi ẹni tí ń fi ọkà rẹ̀ tọ́ ọbẹ̀ wò léèrè bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ohun tí ó tọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ìwà àìdára ni ó ń ti àìmọ̀ wá. Òróró ki ju dísẹ́ẹ̀lì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ihò tí epo ń gbà tú sínú ẹ́ńjìnnì kéré púpọ̀. Bí òróró bá dé ibẹ̀ ní tútù, kì í tú ká bí ìrì, ńṣe ni ó ń kán bí omi òrùlé, kì í sì í jó tán. Ẹ̀dú yóò wá máa so mọ́ ẹnu ihò náà àti mọ́ òrùka písítìnì, èyí tí kò jó yóò sì ṣàn lọ bá epo ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, títí yóò fi dì bí ọ̀dà. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń fi táǹkì méjì sínú ọkọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń tanná. Nígbà tí omi inú ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, wọ́n á jẹ́ kí omi gbígbóná náà gba ẹ̀gbẹ́ táǹkì kejì kọjá, kí òróró lè gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì fúyẹ́. Nígbà náà ni wọ́n á yí i sí òróró. Kí wọ́n tó pa ọkọ̀ fún alẹ́, wọ́n á tún dá a padà sí dísẹ́ẹ̀lì, kí òróró má baà sùn sínú àwọn ọ̀pá. A gbọ́dọ̀ ti sẹ́ òróró náà lásẹ́mọ́, kí a sì ti lé omi inú rẹ̀ jáde, nítorí iyọ̀, omi àlùbọ́sà àti èérún àkàrà kì í ṣe ọ̀rẹ́ pọ́ǹpù. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú ni ó lè fara dà á; àwọn tuntun tí ń fi agbára ńlá tú epo kì í gbà á rárá. Ẹni tí ó bá sì gbé lórí òkè Ọ̀kà ní àkókò ọyẹ́ mọ bí epo pupa ti í dì sínú ìgò ní òwúrọ̀. Bí ó ti dì nínú ìgò ni yóò dì nínú táǹkì.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ó jọ ti ọlọ́ṣẹ. Àwọn ìyá wa tí ń se ọṣẹ dúdú ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé bí a bá sun èèpo kòkó, tí a fi omi sẹ́ eérú rẹ̀, tí a sì se é pẹ̀lú epo tàbí àdín, epo kì í jẹ́ epo mọ́. Àwọn tí ń sọ òróró di dísẹ́ẹ̀lì náà ń lo irú èròjà tí ó korò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ẹ̀mí ọtí kan tí a ń pè ní methanol kún un. Èyí ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní oṣù April ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlé ní ìpínlẹ̀ wa yìí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, wọ́n sì ń kú láàrin ọjọ́ kan. Àwọn kan ní àrùn tuntun ni, àwọn mìíràn ní òrìṣà ni ó ń bínú, títí àyẹ̀wò fi fi hàn pé methanol ni ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Àwọn tí ó kú lé ní mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ilé tí ọmọdé wà, tí ó sì rọ ọ́ sínú ìgò ọtí, kò lè wí pé owó dísẹ́ẹ̀lì ni ó mú òun ṣe é.

Ní ti òróró tuntun tí a kò tíì lò, a kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960, ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ó ṣáájú gbogbo ayé nínú ọ̀ràn epo ọ̀pẹ. Lónìí, Indonesia àti Malaysia ti fi wá sílẹ̀ jìnnà, àwa náà sì ń ra epo wá láti òkèèrè. Ní ọdún 2007 àti 2008, nígbà tí owó oúnjẹ gòkè ní gbogbo ayé, tí àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ sì ń sun àgbàdo àti epo nínú ọkọ̀, Jean Ziegler, ẹni tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn láti máa ṣọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn sí oúnjẹ, pe ìwà náà ní ọ̀ràn dídá sí gbogbo ọmọ aráyé. Àwọn kan ní ó sọ ọ́ le jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tí oúnjẹ ti ń kù sílẹ̀; ní ibi tí ìyá kan ti ń ra epo pupa oní-agolo mílíìkì kan lójúmọ́, a kò rò pé ó le jù.

Ọ̀ràn òróró àlòkù ni ó díjú, ibẹ̀ ni a sì fẹ́ kí ẹ bá wa dúró sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òróró tí ilé oúnjẹ ti lò tán jẹ́ ìdọ̀tí ní tòótọ́: kò gbọdọ̀ dà á sínú kòtò, ó sì gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò kó o lọ. Ẹni tí ó bá kó irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ kò gba nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ní Ìkàrẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí ìyá alákàrà kan rí tí ó da òróró sí kòtò ní òpin ọjọ́? Ńṣe ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀, tí yóò sì bu tuntun lé e ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó bá di dúdú tí kò sì bójú mu fún àkàrà tirẹ̀ mọ́, ó lè ta á fún ẹlòmíràn tí yóò fi dín ẹja, tàbí fún ọlọ́ṣẹ, tàbí kí ó gbé e fún aládùúgbò tí kò ní owó òróró rárá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ń sọ, pé ìdọ̀tí lásán ni òun ń kó, kì í ṣe òtítọ́ níhìn-ín títí yóò fi wádìí ẹni tí ìbá gba òróró náà bí òun kò bá dé.

Wàyí o, ẹlòmíràn yóò wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún tálákà kí ó jẹ ẹ́. A kò lè gbà fún un. Òróró tí a ti fi iná sè léraléra títí ó fi dúdú tí ó sì ń hó fòfò kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Iná ti fọ́ ọ, ó ti bí àwọn èròjà tí kò dára fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ara. Òfin àtijọ́ tí ó ní kí olóko fi èéṣẹ́ sílẹ̀ fún opó àti àlejò, ẹ jẹ́ kí a rántí irú ọkà tí ó jẹ́. Ọkà tí Rúùtù pèéṣẹ́ nínú oko Bóásì kò yàtọ̀ sí èyí tí Bóásì fúnra rẹ̀ yóò jẹ. Àánú kọ́ ni kí a máa fún tálákà ní ohun tí àwa kò jẹ́ gbé sí ẹnu. Bí ọkọ̀ bá ń ra òróró dúdú yìí lọ, tí kò fi sí èyí tí yóò padà sínú agbada mọ́, a kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ tálákà. A gba májèlé lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò tiwa nìyí, a sì mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn ònkàwé wa kò ní gbà pẹ̀lú wa, pàápàá àwọn tí wọ́n mọ ohun tí ebi í ṣe. Ṣùgbọ́n ọlọ́ṣẹ dúró sí ààyè tirẹ̀. Iṣẹ́ òdodo ni tirẹ̀, òróró àlòkù sì wúlò fún un láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bí ọlọ́kọ̀ bá fi owó ńlá gba gbogbo rẹ̀, owó ọṣẹ ni yóò gòkè, obìnrin ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Owó náà ní ìdẹwò tirẹ̀. Ní Yúróòpù, òfin fi ojú rere wo epo ọkọ̀ tí a fi òróró àlòkù ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kà á ní ìlọ́po méjì nínú ìṣirò. Ó sì wá di pé nígbà mìíràn òróró àlòkù ń wọ́n ju tuntun lọ, ìfura sì dìde pé àwọn oníṣòwò kan ń da epo ọ̀pẹ tuntun sínú èyí tí wọ́n ń pè ní àlòkù. Ẹ wo bí ayé ti lè yí po! Bí owó bá dé bẹ́ẹ̀ sí àárín wa, kí ni yóò dí alágàbàgebè lọ́wọ́ láti fi iná ba òróró dídára jẹ́ kí ó lè tà á fún ọlọ́kọ̀?

Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù lọ, síbẹ̀, ni kẹ́ẹ̀gì. Ní oṣù July ọdún 2024, ìwé ìròyìn kan ní Beijing tú àṣírí pé àwọn ọkọ̀ ńlá tí ó gbé epo ẹ̀rọ tún ń gbé òróró jíjẹ láìfọ táǹkì láàrin méjèèjì, gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà sì ké. Kò sí ọkọ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀ràn tiwa, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan náà ni a fi ń gbé dísẹ́ẹ̀lì, tí a fi ń gbé epo pupa, tí a sì fi ń pọn omi mímu. Bí òwò òróró àlòkù bá bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí ó gbé e lọ sí ilé mẹkáníìkì ní àárọ̀ lè bá òróró dídín padà sí ọjà ní ọ̀sán, kò sì sí ojú tí yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òwò yìí ní òdodo, kí ó kun kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ọjà yóò mọ̀, kí ó sì gé e sí wẹ́wẹ́ nígbà tí ó bá gbó, kí ó má tà á.

Iye owó pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹni tí ó mọ̀ pé lítà òróró kan yóò dúró ní ipò lítà dísẹ́ẹ̀lì kan, tí ó sì lọ bá opó tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó wí fún un pé òun ń bá a kó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù ni, ó purọ́. Kò sí òfin ìjọba tí yóò mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò mọ̀ pé kò sí ohun tí ó nira nínú kí a sọ fún ìyá náà ohun tí a fẹ́ fi ṣe, kí òun fúnra rẹ̀ sì dá owó rẹ̀.

Ọ̀ràn owó orí kò gba àkókò. Ní ọdún 2002, ní agbègbè Swansea ní ilẹ̀ Wales, ọwọ́ tẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kan tí ń da òróró ìdáná sínú táǹkì láìsan owó tí ìjọba ń gbà lórí epo ọkọ̀. Òórùn ohun dídín tí ń ti èéfín jáde kò ṣe é fi pamọ́. Ní ọdún 2007 ni ìjọba ibẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ pé ẹni tí kò bá ju 2,500 lítà lọ ní ọdún kan kò ní san nǹkan. A rí ọgbọ́n nínú èyí: òfin tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ àti oníṣòwò ńlá.

Ó ku ọ̀ràn èrò ọkọ̀. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà wa, bí ó ti ń gun òkè tí ó sì ń rọ̀ sísàlẹ̀ láàrin àpáta. Ní oṣù January ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tí kò gbọ́ ti awakọ̀ mọ́ já wọ àárín ènìyàn ní Àkùngbá, nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó sì pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn mìíràn. Òróró àkàrà kọ́ ni ó fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì nítorí pé asẹ́ rẹ̀ dí, bí ó bá jẹ́ níbi ọ̀nà títẹ́jú, ìyọnu lásán ni. Bí ó bá jẹ́ níbi ìsọ̀kalẹ̀, sitíárì yóò wúwo, bíréèkì yóò le lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Ẹni tí ó san owó láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́ san án fún ìrìn-àjò, kò san án kí a lè fi òun kọ́ iṣẹ́. Olówó ọkọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun ìní ara rẹ̀ dán nǹkan wò, àní kí ó bà á jẹ́ pátápátá. Kò ní ẹ̀tọ́ yẹn lórí ọmọ ọlọ́mọ mẹ́rìnlá tí ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìmọ ohun tí ó wà nínú táǹkì.

Ẹ jẹ́ kí a sì ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọkọ̀ kékeré tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì lè mu nǹkan bí lítà 10 nínú ìrìn 100 kìlómítà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Ìkàrẹ́ dé Àkúrẹ́. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ lítà 20. Bí a bá gbà pé alákàrà kan lè yọ̀ǹda lítà kan péré lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ogún alákàrà ni yóò dá irin-àjò kan náà. Láti ibi tí a wà yìí, òróró inú agbada kò lè gbé gbogbo ọkọ̀ Àkókó. Ìwọ̀nba ni ó wà. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ìwọ̀nba, ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ni ẹni tí ó yẹ kí ó kàn.

Tiwa ni pé kí ó kan ẹ̀rọ tí kì í rìn. Ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìrin-gbágùúdá dúró lójú kan, kò lè já sísàlẹ̀ òkè lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó rọrùn, tí mẹkáníìkì ìgbèríko lè tú kí ó sì tò padà. Obìnrin tí ó tà òróró ni yóò sì tún gbé ẹ̀wà rẹ̀ wá lọ̀ níbẹ̀ ní òwúrọ̀, èrè náà kò sì ní jìnnà sí i. Ní Garalo, ní gúúsù ilẹ̀ Málì, láti ọdún 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ kan tí ó fara jọ ọ́, tí wọ́n fi èso igi tí àwa ń pè ní bọ̀tujẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ, ṣe epo fún ẹ̀rọ iná mànàmáná ìlú. Bọ̀tujẹ̀ ni ọ̀gbà ọ̀pọ̀ ilé wa. Bí olùkọ́ kan ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkàrẹ́ bá fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ láti dán ọ̀kan nínú méjèèjì wò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí ọyẹ́ ti kọjá, kí wọ́n fi dísẹ́ẹ̀lì tanná kí wọ́n sì fi í pa á, kí wọ́n kọ iye lítà àti iye wákàtí sílẹ̀ lójoojúmọ́, àti iye tí wọ́n san fún ìyá kọ̀ọ̀kan. A ó fi ayọ̀ tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde nínú ìwé yìí, ìbáà yege, ìbáà má yege.